Ẹ Bi Wá Léèrè Owó Ìlú: Aṣòfin Àgbà, Bọ́jẹ́ẹ̀tì àti Kànga Tó Gbẹ

Àbújá ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà oṣù yìí ti wá, àwọn yòókù wá láti Kàdúná, Kánò àti Lọ́kọ́ja. A pa àwọn tó jọra pọ̀, a sì gé àwọn tó gùn kúrú. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, kó fọkàn balẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi ìpàdé ọmọ Yorùbá kan ní Wúsè, aṣòfin kan tó ti lé lógún ọdún nílé ìgbìmọ̀ bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní òfin ni iṣẹ́ òun, kì í ṣe kànga gbígbẹ́. Ó tún ní ìjọba kò gbọdọ̀ máa ṣòwò, àmọ́ dandan ni kó náwó sórí ọ̀nà, iná àti ojú irin. Kò tíì mí tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye kànga, tiransifọ́mà àti ọ̀kadà tó ti gbé lọ fún àwọn èèyàn ẹkùn rẹ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́? — Bàbá Ṣadé, Kúbwà

ÌDÁHÙN: Bàbá Ṣadé, ẹ gba méjèèjì gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì nílùú yìí ló kọ́ wọn láti máa fi ẹnu kan sọ méjèèjì.

Abala 81 nínú ìwé òfin ọdún 1999 gbé e fún Ààrẹ pé kó ṣírò owó tó máa wọlé àti èyí tó máa jáde lọ́dún, kó sì gbé e wá síwájú ilé méjèèjì. Abala 80 ní kọ́bọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò ìjọba àpapọ̀ àfi bí ilé aṣòfin bá ṣe là á kalẹ̀. Bóyá aṣòfin lè fi iṣẹ́ tuntun kún èyí tí Ààrẹ gbé wá, ìwé òfin kò là á yé wa tó, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì ń gbà rèé. Kíkà àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń pe orúkọ rẹ̀ ni. Kíkà kejì ni wọ́n ti ń jiyàn lórí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Lẹ́yìn náà ni kọmití kọ̀ọ̀kan, ti iṣẹ́ òde, ti omi, ti ìlera, ti FCT (agbègbè olú ìlú Àbújá), á pe àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá gbèjà ohun tí wọ́n kọ. Kọmití ìṣúná ló máa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí iye tí ilé méjèèjì ní bá yàtọ̀, wọ́n á yan àwọn tó máa mú un dọ́gba, ó di ọ̀dọ̀ Ààrẹ fún ìbuwọ́lù. Kíkà kejì ni aráàlú ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Yàrá kọmití ni iye owó ti ń yí padà. Aṣòfin tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ìlà tó yẹ kó fọwọ́ kàn, ó mọ òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa pa ìwé náà dé. Àǹfààní ọdún gígùn nílé aṣòfin nìyẹn, ó sì lè lò ó fún yín tàbí kó lò ó fún ara rẹ̀.

Ẹ wo ti ọdún 2018. Tírílíọ̀nù 8.61 náírà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari gbé lọ bá wọn lóṣù kọkànlá ọdún 2017. Tírílíọ̀nù 9.12 ni wọ́n dá padà fún un. Lọ́jọ́ tó buwọ́ lù ú, ogúnjọ́ oṣù kẹfà, ó fi ẹ̀hónú hàn ní gbangba pé wọ́n ti gé bílíọ̀nù 347 kúrò lára iṣẹ́ 4,700, wọ́n sì ti ki iṣẹ́ 6,403 tiwọn bọ̀ ọ́, owó wọn jẹ́ bílíọ̀nù 578. Lára ohun tí wọ́n gé ni owó ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, afárá kejì lórí odò Ọya àti ibùdó iná mànàmáná Mambilla. Ní Àbújá níbí, bílíọ̀nù 7.5 ni wọ́n gé kúrò lára àwọn ọ̀nà ńláńlá àti ojú irin inú ìlú. Bí ẹ bá pín bílíọ̀nù 578 sí ọ̀nà 6,403, nǹkan bíi mílíọ̀nù 90 ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn kò lè ṣe ọ̀nà gidi kankan. Ó tó ṣe kànga, iná sólà ojú pópó, kíláàsì méjì àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì.

Èsì àwọn aṣòfin nígbà náà ni pé ohun tí Ààrẹ gbé wá kò kárí, pé àwọn ń bá a pín in kó lè kan gbogbo ilé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sí Central Area kò mọ abúlé tó wà lẹ́yìn Rubochi, aṣòfin ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ibi tí àwa ò ti bá wọn lọ ni pé, bí abúlé bá ń fẹ́ omi, inú ìwé iléeṣẹ́ omi ló yẹ kó wà. Ẹ máa rí kànga lábẹ́ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ máa rí ọ̀kadà lábẹ́ iléeṣẹ́ tí kò ní ọkọ̀ kankan í bójú tó. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún kò ní ẹnjiníà tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì ní owó àtúnṣe fún un lọ́dún tó ń bọ̀.

Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún ti ń ya owó kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn, tí wọ́n ń pè ní ZIP nínú ìwé. Bílíọ̀nù 100 ni lọ́dọọdún fún ìgbà pípẹ́. Lóṣù kọkànlá ọdún 2019, Buhari náà ló sọ ọ́ níbi àpérò ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, pé tírílíọ̀nù kan ti lọ síbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá, ìwọ̀nba sì ni ohun tí ojú rí. Ọdún yẹn náà ni ICPC bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn iṣẹ́ náà láti ẹkùn dé ẹkùn.

Ní ti pé kí ìjọba má ṣòwò, a fara mọ́ aṣòfin yín títí dé ààyè kan. Ọdún 1979 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta sílẹ̀, iná ìyọ́rin ńlá rẹ̀ kò sì tíì jó dòní, àmọ́ owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ta ni oníṣòwò tó máa fi owó ara rẹ̀ tẹ́ ojú irin kìlómítà 186 láti Idu ní Àbújá dé Rigasa ní Kàdúná? Ìjọba ló yá owó lọ́wọ́ báńkì ìjọba Ṣáínà láti ṣe é, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ lóṣù keje ọdún 2016. Ibi tí aṣòfin yín kò dé nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ìjọba lè parí, kó má sì wúlò. Èbúté Baro ní ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n ṣí i lóṣù kìíní ọdún 2019. Ẹ̀rọ ìgbẹ́rù wà, ilé ìkẹ́rù wà, kò sí ọ̀nà tí tírélà lè gbà débẹ̀. Ojú irin inú Àbújá náà, ọdún 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i, ó dúró lọ́dún 2020, ó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2024 kí wọ́n tó tún un ṣí. Bí aṣòfin bá ní òun fẹ́ràn kí ìjọba náwó sórí iṣẹ́ ńlá, ẹ bi í léèrè iye tó dìbò fún gẹ́gẹ́ bí owó ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: nínú tírílíọ̀nù 54.99 ti ọdún 2025, bí ẹ bá sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún náírà, náírà 43 àti àbọ̀ ni iṣẹ́ àkànṣe, náírà 26 ni gbèsè àti èlé rẹ̀, bíi náírà 24 ni owó oṣù àti ìnáwó ojoojúmọ́, ìyókù jẹ́ ti ilé ẹjọ́, INEC, ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ àti àwọn tó jọ wọ́n. Lórí ìwé nìyẹn o. Owó oṣù àti gbèsè kì í dúró, nítorí náà bí owó tó wọlé kò bá tó, ara iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mararaba ni mò ń gbé, Garki ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Sẹ́nétọ̀ Àbújá kò ṣe ohun kan fún àdúgbò wa láti ìgbà tó ti débẹ̀. Ta ni mo lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn? — Ọ̀gbẹ́ni A., Mararaba

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe sẹ́nétọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Nasarawa ni Mararaba wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Karu. Sẹ́nétọ̀ Nasarawa West ló ń ṣojú yín, aṣojú-ṣòfin yín sì ni ti Keffi, Karu àti Kokona. Ẹni tó wà ní Suleja tàbí Madalla, Niger ni tirẹ̀. Nyanya ṣì jẹ́ ti AMAC, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ àárín ìlú Àbújá, Kúbwà jẹ́ ti Bwari, Zuba jẹ́ ti Gwagwalada. Gbogbo FCT pátá, sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú-ṣòfin méjì péré ló ní.

Àwọn tó ń gbé inú FCT gan-an yàtọ̀ sí àwọn ìpínlẹ̀ nínú ohun kan: kò sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ fún wọn. Abala 299 gbé iṣẹ́ yẹn fún ilé aṣòfin àpapọ̀. Ìwé ìṣúná FCT dá dúró, ó yàtọ̀ sí ti ìjọba àpapọ̀. Torí náà, ẹni tó bá ń wá ọ̀nà Kúbwà nínú ìwé ilé iṣẹ́ òde lè wá a títí kó máà rí i.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n gbẹ́ kànga sólà sí àdúgbò wa lórúkọ aṣòfin kan, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára táǹkì. Inú oṣù kẹjọ ni wọ́n gbẹ́ ẹ, omi ń tú yaayaa. Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbẹ, pọ́ńpù sì jóná. Wọ́n tún un ṣe, ó tún jóná. Ṣé ilẹ̀ wa ni kò lómi ni àbí wọ́n rẹ́ wa jẹ? — Ìyá Ìbejì, Bwari

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó jọ pé wọ́n gé iṣẹ́ náà kúrú. Ibi tí wọ́n ti máa ń gé e rèé, kí ẹ lè fi ìbéèrè mú wọn.

Orí àpáta líle ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Àbújá, Kàdúná àti Kogi jókòó lé. Omi kò kárí abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ló ń fara pamọ́ sí. Èyí ló fi jẹ́ pé kànga ilé kan lè máa tú omi, kí ti ilé kejì gbẹ. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ tó dé, ó yẹ kí ẹnì kan ti fi iná mànàmáná wo abẹ́ ilẹ̀, ó kéré tán ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, kó sì kọ èyí tó dáa jù sílẹ̀. Owó àyẹ̀wò yìí wà nínú ìwé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ń gba owó náà, wọ́n á sì gbẹ́ kànga síbi tí baálẹ̀ bá nawọ́ sí.

Ìgbà òjò ni wọ́n gbẹ́ tiyín. Omi òkè ni ẹ rí yẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà púpọ̀. Kànga àpáta ní agbègbè yìí sábà máa ń jìn tó mítà 40 sí 80. Agbaṣẹ́ṣe tó bá kan omi ní mítà 25 lóṣù kẹjọ, tó sì dúró, owó mítà yòókù ti wọ àpò rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n kọ jíjìn rẹ̀ sí hàn yín. Bí kò bá sí ìwé, ẹ wá okùn tó gùn, ẹ so irin wúwo mọ́ ọn, ẹ sọ ọ́ sínú kànga nígbà tí wọ́n bá yọ pọ́ńpù, ẹ wá fi téèpù wọn okùn náà. Kò gba ọgbọ́n ẹnjiníà.

Lẹ́yìn gbígbẹ́, wọ́n á ki páìpù PVC bọ̀ ọ́. Èyí tó wà níbi omi máa ń ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, wọ́n á sì fi sìmẹ́ǹtì dí òkè kí omi ìdọ̀tí má bàa ṣàn wọlé. Wọ́n á fẹ́ ẹ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ títí omi á fi mọ́. Èyí tó kàn ni wọ́n máa ń fò jù: kí wọ́n fa omi fún wákàtí 24 gbáko láti mọ iye tí kànga lè mú wá ní wákàtí kan. Ibí yìí ni pọ́ńpù yín ti jóná. Ká ní kànga ń mú lítà 1,800 wá ní wákàtí kan, tí wọ́n wá gbé pọ́ńpù tó ń fa lítà 3,000 sí i. Láìpẹ́, pọ́ńpù á fa omi tán, á máa yí lásán, á gbóná, á jó. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á jó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Pọ́ńpù tó kéré sí i, tí ẹ bá sì fi ẹ̀rọ tó ń pa á fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ kún un, ló máa tán an. Lítà 1,800 lọ́nà wákàtí mẹ́fà oòrùn jẹ́ lítà 10,800. Bí ẹnì kan bá ń lo lítà 20 lóòjọ́, èèyàn 540 ló tó fún. Ẹ fi wé iye èèyàn tó wà ládùúgbò yín.

Ẹ tún wo bó ṣe jìnnà sí ṣálángá àti sókàwéè. Mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín wọn. Ẹ sì béèrè èsì àyẹ̀wò omi. Òṣùwọ̀n omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, ló yẹ kó bá mu.

Àmọ́ ká ní gbogbo èyí pé, ta ló máa ra bátìrì tàbí kóńtírólà nígbà tó bá bàjẹ́ lọ́dún kẹta? Bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹkùn kì í ní owó àtúnṣe. Ní àdúgbò tí kànga ti pẹ́, àwọn aráàdúgbò ló yan ẹni mẹ́ta, obìnrin wà lára wọn, wọ́n ń gba owó kékeré lórí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n sì ń fi sí báńkì lórúkọ ẹni méjì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tún pọ́ńpù yín gbé wá.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí agbaṣẹ́ṣe ọ̀nà fi máa ń gé ilẹ̀, tí á da òkúta sílẹ̀, tí á sì pòórá? Wọ́n ní wọ́n ti sanwó fún un. — Alàgbà kan, Kàdúná

ÌDÁHÙN: Alàgbà, a kí yín. Ó lè jẹ́ olè. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ni kò dé.

Òfin ìgbaṣẹ́ṣe ọdún 2007 ní owó ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, báńkì tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò sì gbọ́dọ̀ dúró fún un. Owó yòókù, iṣẹ́ ló ń ṣáájú rẹ̀: ẹnjiníà ìjọba á wọn ohun tó ti ṣe, á kọ ìwé ẹ̀rí, ilé iṣẹ́ á fi ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ ìṣúná á fún wọn láṣẹ ìnáwó, ọ́fíìsì Akápò Àgbà á wá fi owó gidi sẹ́yìn àṣẹ náà. Àṣẹ lè wà kí owó máà sí. Agbaṣẹ́ṣe tó bá dúró oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, tí èlé báńkì ń jẹ ẹ́, á kó katakata rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ìṣirò tí aṣòfin kì í fẹ́ ká ṣe nìyí: bí iṣẹ́ bá jẹ́ bílíọ̀nù 20, tí wọ́n ń kọ mílíọ̀nù 500 fún un lọ́dọọdún kó lè kárí, ogójì ọdún ni yóò gbà. Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀dà àti dísẹ́ẹ̀lì á ti wọ́n, iye iṣẹ́ á sì gòkè. Ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná, Zaria dé Kánò, kìlómítà 375, bílíọ̀nù 155 ni wọ́n fọwọ́ sí fún un lọ́dún 2017. Ó ti di bílíọ̀nù 797 lẹ́yìn náà, ìjọba sì fagi lé iṣẹ́ apá Àbújá sí Kàdúná lóṣù kọkànlá ọdún 2024 láti gbé e fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí ẹ bá ṣí ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì Budget Office, ẹ wá òpó tó ń sọ bóyá iṣẹ́ jẹ́ tuntun tàbí èyí tó ti wà nílẹ̀. Aṣòfin tí iṣẹ́ tuntun bá pọ̀ nínú tirẹ̀ ju èyí tó ń parí lọ, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Níbo ni aráàlú lásán ti lè rí ìwé iṣẹ́ àkànṣe ìjọba? Wọ́n lé mi lẹ́nu ọ̀nà. — Lugbe

ÌDÁHÙN: Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún yín lẹ́tọ̀ọ́, kò sì pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹ kọ lẹ́tà méjì tó bára mu, ẹ gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tí orúkọ iṣẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ́fíìsì aṣòfin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára ẹ̀dà tiyín. Láìsí òǹtẹ̀, kò sí ẹjọ́.

Ẹ kọ nọ́mbà iṣẹ́ náà bó ṣe wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ọdún rẹ̀ àti ibi tó wà. Kí ẹ wá béèrè ohun márùn-ún: ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, ìwé ìdíyelé tó ka gbogbo ohun èlò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n ti san, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí, àti orúkọ aráàdúgbò tó buwọ́ lù ú. Èyí tó kẹ́yìn ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù, torí nígbà mìíràn ẹni tí ẹ jọ ń gbé ni.

Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ méje kún un bí ìwé bá pọ̀. Bí ìwé bá wà ní ilé iṣẹ́ mìíràn, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní láti darí lẹ́tà yín síbẹ̀. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní 30 ọjọ́ láti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Bí adájọ́ bá rí i pé wọ́n kọ̀ láìnídìí, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦500,000. Ẹni tí kò lè kọ̀wé lè rán ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá rí i pé owó jáde, iṣẹ́ kò sí, ICPC ni kẹ́ ẹ gbé ìwé náà lọ. Ẹ fi fọ́tò tó ní ọjọ́ lára kún un.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní èmi náà lè yá ìjọba lówó, kí n máa jèrè. Mùsùlùmí ni mí, mi ò fẹ́ èlé. Ṣé kò ní í rì? — Alhaja, Sabon Gari, Kánò

ÌDÁHÙN: Alhaja, Sukuk, ìyẹn ìwé ìdókòwò ìjọba tó bá òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù mu, ló yẹ yín. Kò lọ́wọ́ nínú èlé. Owó ìyálò lórí iṣẹ́ tí wọ́n fi owó yín ṣe ni wọ́n ń san. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017, jẹ́ bílíọ̀nù 100 fún ọdún méje, ìdá 16.47 lọ́dún. Ẹni tó fi ₦100,000 sí i ń gba ₦8,235 lóṣù mẹ́fàmẹ́fà. Ọ̀nà 25 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ aráàlú. Ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbèsè mìíràn lọ nìyẹn. Òfin ọdún 2007 lórí ìṣọ́ owó ìlú ní iṣẹ́ àkànṣe àti ìdàgbàsókè èèyàn nìkan ni kí ìjọba máa yáwó fún. Níbi Sukuk, ẹ lè fi ojú yín wo iṣẹ́ náà.

₦10,000 ni ó kéré jù. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tà á. DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, ló ń kéde rẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ aṣojú ọjà ìpín-ìdókòwò tí DMO fọwọ́ sí, kí wọ́n ṣí àkáǹtì CSCS fún yín, ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ìdókòwò yín máa wà. BVN àti nọ́mbà báńkì yín ni wọ́n máa gbà. Ẹ má san owó sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni tó pè yín lórí fóònù. Fún ẹni tí èlé kò dí lọ́wọ́, bọ́ǹdì ìfowópamọ́ wà, ₦5,000 ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta, oṣù mẹ́tamẹ́ta ni wọ́n ń sanwó.

Ìjọba á san án, náírà tiẹ̀ ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni ohun tí náírà náà máa rà. Lóṣù kejìlá ọdún 2024, NBS, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba, ní ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún: ohun tó jẹ́ ₦100,000 lọ́dún tó ṣáájú ti di ₦134,800. Owó tó ń mú ìdá 16 wá ń jò nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹ má kó owó ọjà síbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹ lè rí i tà, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ lè wálẹ̀.

Gbèsè tí aṣòfin yín yẹ kó jíhìn fún ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ní owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ CBN kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá. Lóṣù karùn-ún ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná an tán, ilé aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí tírílíọ̀nù 22.7 irú owó bẹ́ẹ̀ di gbèsè olọ́jọ́ gígùn. Kò sí kànga tí aṣòfin lè gbẹ́ tó dí ihò yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Bí aṣòfin bá ti pẹ́ jù, ṣé a lè pè é padà wálé? — Ọ̀dọ́ kan, Lọ́kọ́ja

ÌDÁHÙN: Abala 69 gbà yín láyè, àmọ́ ó le. Ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lẹ́kùn náà tó máa buwọ́ lùwé, kì í ṣe ìdajì àwọn tó dìbò. INEC á yẹ ìbuwọ́lùwé náà wò lójúkojú, lẹ́yìn náà ni ìdìbò láàárín 90 ọjọ́. Kogi West tiyín gbìyànjú rẹ̀ lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye. Lóṣù kẹrin ọdún 2018 tí INEC yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn tó yọjú tí orúkọ wọn sì pé kò tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo olùdìbò. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á kó orúkọ jọ láti inú ìwé olùdìbò, láìdé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, kó kọ nọ́mbà káàdì ìdìbò sílẹ̀ níwájú ẹni náà, kó sì yọ orúkọ àwọn tó ti kú tàbí tó ti kó lọ kúrò kó tó gbé ìwé dé INEC. Bí iye rẹ̀ kò bá tíì ju ìdajì lọ dáadáa, kó má tíì gbé e lọ, nítorí níbi àyẹ̀wò, àwọn tó buwọ́ lùwé ló gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara wọn wá.